Mánúà tàbí ọtomátíìkì: bí a ṣe ń yan àpótí jíà kí a tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́

Bí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ bá pàdé ní gáréèjì kan ní Àjàṣẹ́, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kan jíà: ṣé mánúà, tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ yí, ni ó dára jù, tàbí ọtomátíìkì, tí ń yí fúnra rẹ̀? Ẹnì kan á ní ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà kò tíì wa ọkọ̀, pé ńṣe ni ọkọ̀ kàn gbé e rìn. Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé ẹni tí ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Kútọnù ní àárọ̀ kùtùkùtù kò ní sọ pé ìgbádùn ni kí ènìyàn máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára àpótí jíà kí a lè yí i, láti ilẹ̀ mọ́ títí oòrùn fi ràn. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìjiyàn náà kò ran ẹni tí ó mú owó dání lọ́wọ́ rárá. Ohun tí ó yẹ kí olùràjà béèrè ni irú àpótí jíà tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ gan-an, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò máa tọ̀, àti ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́ta yìí lè fi ìjiyàn sílẹ̀ fún àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀.

Ó dára kí a kọ́kọ́ yọ ohun tí ó ti di àtijọ́ kúrò nínú ìjiyàn náà. Oldsmobile ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ta ọtomátíìkì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí ó gbé àpótí Hydra-Matic jáde ní ọdún 1939 fún àwọn ọkọ̀ ọdún 1940. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ọtomátíìkì a máa jẹ epo ju mánúà lọ, a sì máa lọ́ra, nítorí pé ọ́ìlì ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú àpótí, tí díẹ̀ nínú agbára náà sì ń di ooru lásán kí ó tó dé táyà. Àwọn tòde òní ti kúrò ní ìpele yẹn. Àpótí oníjíà mẹ́jọ tí ZF ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2009 máa ń so ara rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì pátápátá bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ó sì ń yí jíà yára ju bí ọwọ́ ènìyàn ti lè yí i lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbèjà mánúà lónìí kò lè fi eré sísá tàbí owó epo gbè é lẹ́sẹ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìgbádùn ni ó kù fún un, ìgbádùn náà kò sì kéré. Nígbà tí Porsche gbé 911 GT3 jáde ní 2013 pẹ̀lú àpótí PDK tí ń yí ara rẹ̀ nìkan, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ náà ráhùn títí tí ilé iṣẹ́ náà fi dá mánúà padà ní 2017 fún ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀. Toyota náà mú GR Supra wá sọ́jà ní 2019 ní ọtomátíìkì nìkan, ó sì fi mánúà kún un ní 2022. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn. Àwọn tí ń ra ọkọ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọwọ́ yí jíà.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ibi tí ọkọ̀ ti wá ni ó sábà máa ń sọ irú jíà tí ó ní. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ti Faransé, Bẹ́ljíọ̀m àti Jámánì wọ èbúté Kútọnù ni ó jẹ́ mánúà, pàápàá àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti gùn díẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú èyí tí ń ti Amẹ́ríkà àti Kánádà wá jẹ́ ọtomátíìkì, nítorí pé ní Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà, mánúà kì í tó márùn-ún. Èyí ni ó fi ṣeé ṣe kí ènìyàn rí Corolla méjì ní páàkì kan náà ní ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ mánúà, kí èkejì jẹ́ ọtomátíìkì. Ibi tí ọkọ̀ ti wá tún kan ẹni tí yóò tún un ṣe. Peugeot 504 àti 505, tí wọ́n fi ń ṣe takisí láyé ọjọ́sí, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà mẹkáníìkì wa fi kọ́ṣẹ́, mánúà sì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Ẹni tí ó lè sọ àpótí mánúà kalẹ̀ kí ó sì tò ó padà kò ṣòro láti rí ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọtomátíìkì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé Kútọnù ni ẹ óò ti rí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùràjà ti ń ṣìnà gan-an ni pé wọ́n ń pe gbogbo ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ní ọtomátíìkì, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Oríṣi mẹ́rin ni ó wà lọ́jà wa, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàárín wọn tóbi ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mánúà àti ọtomátíìkì lọ. Àkọ́kọ́ ni ọtomátíìkì àtilẹ̀wá, tí ọ́ìlì ń gbé agbára wọ inú rẹ̀, bí irú èyí tí ó wà nínú Corolla oníjíà mẹ́rin tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2009 dé 2013. Àpótí yẹn kò yá bí ti ìsinsìnyí, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ó lè pẹ́ bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ní tèmi, bí ẹni tí ń gbé Kétu bá ní ọtomátíìkì dandan ni òun fẹ́, irú èyí ni kí ó wá.

Oríṣi kejì ni CVT, tí kò ní jíà kan pàtó nínú, bí kò ṣe bẹ́líìtì irin tí ń yí láàárín púlì méjì tí ń fẹ̀ tí ó sì ń súnkì. DAF ti Nẹ́dálándì ti gbé irú rẹ̀ jáde láti 1958, bẹ́líìtì rọ́bà sì ni ó lò nígbà náà. Lónìí, ẹ óò bá a nínú ọ̀pọ̀ Nissan, bí X-Trail àti Qashqai, àti nínú ọ̀pọ̀ Corolla Amẹ́ríkà láti 2014. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá ń wà á: ohùn ẹ́ńjìnnì á dúró lójú kan bí ọkọ̀ ti ń yára sí i, ẹ kò sì ní gbúròó ìgbà tí jíà ń yí. CVT kò burú, ṣùgbọ́n ó kórìíra ẹrù wúwo àti ooru, kò sì gba ọ́ìlì mìíràn bí kò ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún un. Ẹni tí ó bá da ọ́ìlì ọtomátíìkì lásán sínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́ nìyẹn. Bí ẹni tí ń ta ọkọ̀ náà kò bá lè sọ irú ọ́ìlì tí ó ń lò fún un, ẹ má rà á.

Ẹ̀kẹta ni àpótí oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, tí Volkswagen ń pè ní DSG tí ó sì kọ́kọ́ fi sí Golf R32 ní 2003. Kílọ́ọ̀ṣì kan ń di jíà tí a wà nínú rẹ̀ mú, èkejì sì ti múra jíà tí ó kàn sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń yí bí ìṣẹ́jú ojú. Àwọn olólùfẹ́ eré fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ oníjíà méje tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ, tí kò sí nínú ọ́ìlì, kò fara mọ́ kí a máa rìn kí a máa dúró nínú ooru. Ní 2013, Volkswagen pe ọkọ̀ tí ó lé ní 380,000 padà ní Ṣáínà nítorí àpótí DSG, Ford náà sì bá àwọn oníbàárà rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú Focus àti Fiesta. Ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín Àjàṣẹ́ àti Kútọnù lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ fi owó ara rẹ̀ dán èyí wò.

Ẹ̀kẹrin ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Àpótí mánúà ni, kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò kékeré kan ni ó ń bá awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí ó sì ń bá a yí jíà. Ó wà nínú àwọn Toyota Yaris àti Corolla Verso kan tí ó ti Yúróòpù wá lábẹ́ orúkọ MultiMode, ó sì wà nínú àwọn Peugeot àti Citroën kan. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá jíà, bí ẹ kò bá rí P (ti ìdúró) níbẹ̀, tí ó jẹ́ R (ẹ̀yìn), N (fíríì) àti E tàbí A (kí ó máa yí fúnra rẹ̀) pẹ̀lú M (kí ẹ fi ọwọ́ yí i) nìkan ni ẹ rí, irú rẹ̀ ni. Ó ń mi ọkọ̀ jìgì nígbà tí jíà bá ń yí, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tán bí ti mánúà, ẹni tí yóò sì tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ṣọ̀wọ́n. Wàhálà mánúà àti ti ọtomátíìkì ni ó ní, kò sì ní ìgbádùn ọ̀kankan nínú wọn. Mi ò mọ ìdí kan tí ó fi yẹ kí ènìyàn rà á ní Bẹ̀nẹ̀.

Ní ti ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kò gùn. Ẹni tí ó ń gbé Àjàṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kútọnù yóò máa rin nǹkan bí kìlómítà 30 ní àlọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe jíjìn ọ̀nà náà ni ó ń gba àkókò bí kò ṣe dídúró. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọtomátíìkì àtilẹ̀wá tí ó sàn tó ohun tí a ń ná owó lé lórí. Ẹni tí ó wà ní Kétu tí ó ń kó àgbàdo láti oko wọ ọjà, tàbí ẹni tí ó ń ti Ṣábẹ̀ẹ́ wọ àwọn abúlé lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa nígbà òjò, mánúà ni yóò bá a lò pẹ́ jù. Yóò lè di jíà kan mú nínú ẹrẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ ń bá a pinnu, bí bátìrì bá sì kú sí oko, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì lè tì í kí ó jí. Kò sí bí a ti lè ti ọtomátíìkì tó tí yóò jí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí àyẹ̀wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ń ta ọkọ̀ kánjú yín, ẹ sì rí i pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà tutù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti gbé e yá iná kí ẹ má baà gbọ́ ohun tí ó ń sọ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ sọ pé ẹ óò padà wá lọ́la.

Bí ó bá jẹ́ mánúà, kílọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń pè ní embrayage, ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí ènìyàn níwájú rẹ̀, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ gírígírí, ẹ fi í sí jíà kẹta, kí ẹ wá tẹ iná díẹ̀ bí ẹ ti ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń bá a lọ láìkú, kílọ́ọ̀ṣì náà ti ń yọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe é, nítorí pé àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi jíà sí fíríì kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ fetí sílẹ̀. Bí ariwo kan bá wà tí ó dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́árìn inú àpótí ni ó ń ké. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ni ariwo bẹ̀rẹ̀, bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì ni. Ti àkọ́kọ́ wọ́n ju ti èkejì lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń wà á lójú ọ̀nà, ẹ máa yí jíà láti kẹta sí kejì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn òrùka synchro, tí ń mú kí jíà wọlé jẹ́jẹ́, ti máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ó bá ń họ gbàràgbàrà tàbí tí jíà ń já bọ́ nígbà tí ẹ bá tu ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, àpótí yẹn ń fẹ́ kí wọ́n tú u. Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì tí ó ti Yúróòpù wá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń kú. Ìró gbọnrangandan nígbà tí ó bá ń kú sábà máa ń wá láti ara àgbá irin tí kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń pè ní volant bimasse, owó rẹ̀ sì lè ju ti kílọ́ọ̀ṣì lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ pé mánúà kì í náni lówó ni kò tíì pàdé èyí.

Bí ó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fi ẹsẹ̀ di bíréèkì mú, kí ẹ mú ọ̀pá láti P sí R, kí ẹ dúró, kí ẹ sì mú un láti R sí D (iwájú). Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yẹ kí ẹ mọ̀ lára pé ó ti dì mú, láìjẹ́ pé ó gbá yín lẹ́yìn. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dá yín lóhùn, tàbí tí ó dún gbì, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ tàbí kí àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ wà á láti orí ìdúró títí dé eré tí òfin gbà, kí ẹ máa fi ojú sí aago tí ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí jíà bá ń yí, abẹ́rẹ́ aago náà gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá kọ́kọ́ fò sókè kí ó tó wálẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì hó tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, jíà náà ń yọ̀. Ẹ wá ibi tí ó ga díẹ̀, kí ẹ fi rìfáàsì gun un, nítorí pé ọ̀pọ̀ àpótí tí ó ti rẹ̀ a máa lọ síwájú dáadáa kí ó sì kọ̀ láti gun òkè sẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná ni kí ẹ tó wo ọ́ìlì rẹ̀, bí ó bá ní ọ̀pá ìwọ̀n. Nínú Toyota, ẹ́ńjìnnì a máa ṣiṣẹ́, ọ̀pá jíà a sì wà ní P nígbà tí a bá ń wò ó. Ọ́ìlì tí ó dára pupa, ó sì mọ́. Èyí tí ó dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ́ìlì tuntun pupa fòò má tàn yín, nítorí pé ó rọrùn láti pààrọ̀ ọ́ìlì ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Ẹ mú ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lọ, kí ó so ó mọ́ ọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á, kì í ṣe ṣáájú, nítorí pé wọ́n lè ti pa àwọn àṣìṣe rẹ́ kí ẹ tó dé.

Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ lọ bi mẹkáníìkì yín ní iye tí kílọ́ọ̀ṣì odindi fún ọkọ̀ yẹn gan-an jẹ́, tàbí iye àpótí ọtomátíìkì tòkunbọ̀ rẹ̀ àti owó iṣẹ́. Iye náà ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹni pé ó ti wà lára owó ọkọ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣe ń ná ọkọ̀ tọ̀sán-tọ̀sán nítorí àwọ̀ àti rédíò, tí wọn kì í sì béèrè owó ohun tí ń gbé ọkọ̀ rìn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, mánúà kò béèrè ohun púpọ̀: ẹ má fi ẹsẹ̀ sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè nígbà tí bíréèkì ọwọ́ wà níbẹ̀. Ọtomátíìkì ni ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ni ó sọ pé ọ́ìlì inú àpótí náà kò nílò pípààrọ̀ láéláé, ṣùgbọ́n ZF tí ó ń ṣe àpótí fúnra rẹ̀ ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín kìlómítà 80,000 sí 120,000, nínú ooru wa yìí èmi kò sì ní dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ, yálà WS ti Toyota ni, tàbí DW-1 ti Honda, tàbí NS-3 fún CVT Nissan. Ẹ má gba èyí tí aláte bá ní “gbogbo rẹ̀ náà ni”. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá kí ẹ tó mú un láti R sí D. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ mú ọ̀pá wá sí 2 tàbí L (jíà kékeré) kí ẹ́ńjìnnì bá yín di ọkọ̀ mú, kí ẹ má sì fi í sí N nítorí àti fi epo pamọ́.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú mánúà, ohun yòówù tí ẹ bá rà. Ẹni tí ó mọ mánúà yóò wa ọtomátíìkì lọ́jọ́ tí ó bá rí i, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì. Ní Faransé, ẹni tí ó bá fi ọtomátíìkì ṣe ìdánwò, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wa mánúà títí yóò fi gba ẹ̀kọ́ kún un.

Bí ọtomátíìkì bá sì kọ̀ láti rìn láàárín Ìpóbẹ́ àti Kétu, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n so okùn mọ́ ọn fà á lọ pẹ̀lú táyà tí ń tì í nílẹ̀, nítorí pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ohun tí ń fa ọ́ìlì káàkiri àpótí náà kò ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tí ń yí nínú rẹ̀ sì ń gbẹ. Ẹ pe ọkọ̀ akẹ́rù kí ó gbé e, tàbí bí ó bá jẹ́ pé táyà iwájú ni ó fi ń rìn, kí ẹ gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó fà á.